Ẹẹ́sàn-án Tí Mo Kọ Síwájú Nọ́ńbà

Mo ti lé díẹ̀ lọ́mọ ogún ọdún nígbà tí mo ríṣẹ́ sídìí tẹlifóònù nílé ìwòsàn kan ní Ẹdẹ. Ìjọba ológun la wà nígbà náà, láwọn ọdún tí mílíìkì inú agolo di ohun tí à ń tò fún, tí ọṣẹ ìfọṣọ di ohun tí à ń gbé pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ tíṣà, ṣì ń lọ sílé ẹ̀kọ́ láràárọ̀, ṣùgbọ́n méjì nínú àwọn tí wọ́n jọ ń kọ́ ọmọ ti padà sídìí oko ní Awo. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ìwé tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́ dé, ìyá mi kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀, wọ́n dá orin kan láti inú ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọn ò sì dìde títí wọ́n fi kọ ọ́ dé ẹsẹ tó kẹ́yìn.

Yàrá tẹlifóònù kò tóbi ju ilé ìdáná lọ. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, ó sì kọjú sí ọ̀nà tí àwọn aláboyún ń gbà lọ sí wọ́ọ̀dù wọn. Ọ̀gá mi níbẹ̀ ti ṣe sójà rí. Nígbà ogun, àwọn ni wọ́n ń fa wáyà káàkiri inú igbó kí àwọn ọ̀gágun lè bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì nígbà tí mo dé, etí wọn òsì kò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó mọ ìdí tẹlifóònù tó wọn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n gbé tẹlifóònù dúdú kan síwájú mi, irú èyí tó ní ojú rìbìtì tí à ń ti ìka bọ̀, tí a sì ń yí.

"Tí o bá fẹ́ bá wọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀," wọ́n ní, "ẹyọ nọ́ńbà méjì péré lo máa yí. Tó bá jẹ́ ará ìta, kọ́kọ́ yí ẹẹ́sàn-án. Ẹẹ́sàn-án yẹn ni ilẹ̀kùn ilé wa. Tó bá ti ṣí, wàá gbọ́ ìró mìíràn, ìgbà yẹn ni kó o tó yí nọ́ńbà onítọ̀hún."

"Ṣé ẹẹ́sàn-án yẹn wà lára nọ́ńbà onítọ̀hún ni, sà?"

"Rárá o. Ilẹ̀kùn tiwa ni. Kò kàn án."

Mo ní mo ti gbọ́, sà. Mo sì gbà lóòótọ́ pé ó ti yé mi. Ọ̀rọ̀ tó bá rọrùn báyẹn kì í pẹ́ rárá kó tó gba etí kan wọlé, kó gba ìkejì jáde.

Ìwé ńlá tí à ń kọ nọ́ńbà sí ti gbó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, eku ti jẹ etí rẹ̀, orúkọ àwọn mìíràn sì ti parẹ́. Mo lọ béèrè òmíràn ní sitọ́ọ̀, akọ̀wé tó wà níbẹ̀ sì rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní pépà tí dókítà máa fi kọ oògùn gan-an kò sí, áḿbọ̀sì ìwé tẹlifóònù. Mo wá kó kàlẹ́ńdà àtijọ́ jọ láti ilé wa àti láti ọ́fíìsì, mo gé wọn dọ́gba, mo fi abẹ́rẹ́ àti òwú gán wọn pọ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í da nọ́ńbà kọ sí ẹ̀yìn wọn. Ọ̀gá mi kò sí nítòsí lóṣù yẹn. Ẹ̀gbọ́n wọn ń ṣàìsàn ní ìlú Ara, wọ́n sì ti gba ìsinmi lọ tọ́jú rẹ̀.

Kí iṣẹ́ lè yá, mo dá ọgbọ́n kan. Dípò kí n kọ nọ́ńbà nìkan, mo ń kọ gbogbo ohun tí ìka mi ń yí látìbẹ̀rẹ̀ dópin: ẹẹ́sàn-án ṣíwájú, lẹ́yìn náà òdo àti nọ́ńbà ìlú, tó bá jẹ́ ọ̀nà jíjìn, lẹ́yìn náà nọ́ńbà onítọ̀hún fúnra rẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara wọn láìfi àyè sílẹ̀, nítorí pé pépà kò tó. Inú mi dùn sí ọgbọ́n náà gan-an. Bí mo bá ti gbé ojú lé orúkọ, ìka mi á kàn máa yí lọ ni, n kò ní láti ronú.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìwé kan jáde láti ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà pé owó tẹlifóònù ti pọ̀ jù, pé láti ọjọ́ náà lọ, àwọn dókítà nìkan ló lè pe ìlú tó jìnnà. Wọ́n fi àgádágodo kékeré kan ti ojú tẹlifóònù mi kí ó má lè yí mọ́, wọ́n sì gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ sínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá àgbà. Bí ìpè bá wọlé, mo lè gbé e, mo sì lè fi wáyà so ó mọ́ wọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n n kò lè pe ẹnikẹ́ni àyàfi tí mo bá lọ gba kọ́kọ́rọ́.

Ìgbà tí nǹkan rí báyìí ni ìyá kan wá dúró sójú fèrèsé mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo mọ̀ wọ́n lójú. Obì ni wọ́n ń tà, ilé wọn sì wà nínú agboolé àtijọ́ kan lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Àkọ́bí wọn obìnrin ti wá bímọ lọ́dọ̀ wọn láti Kàdúná, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ. Oyún náà ti le díẹ̀, ọmọ kò sì gba ọ̀nà tó yẹ wá, àfìgbà tí dókítà ṣiṣẹ́ abẹ ní ìrọ̀lẹ́ àná. Ọmọ yè, ìyá yè. Obìnrin ni ọmọ náà.

"Ọmọ mi," ìyá olóbì sọ, "bá mi pe bàbá ọmọ. Kí òun náà gbọ́ ohun tí Ọlọ́run ṣe fún wa."

Mo fi àgádágodo hàn wọ́n. Wọ́n wò ó títí, wọ́n wá ní, "Ṣé ẹnu tẹlifóònù náà ni wọ́n tì báyìí?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Àmọ́ ẹ lè pè é láti ilé tẹlifóònù ní Òṣogbo. Màá kọ nọ́ńbà rẹ̀ fún yín."

Nọ́ńbà ọkọ náà wà nínú ìwé mi. Ṣáájú kí wọ́n tó ti tẹlifóònù pa, mo ti bá aláboyún náà pè é lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì sọ̀rọ̀ dáadáa. Nítorí náà n kò ní iyèméjì kankan. Mo ṣí ìwé kàlẹ́ńdà mi, mo da nọ́ńbà náà kọ sórí bébà kékeré kan bó ṣe wà gẹ́lẹ́, mo sì fi lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n so ó mọ́ etí aṣọ wọn, wọ́n ṣàdúà fún mi kí n rọ́kọ rere fẹ́, wọ́n sì lọ.

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n lọ sí Òṣogbo. Epo mọ́tò wọ́n, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rin apá kan ọ̀nà náà kí wọ́n tó rí ọkọ̀ tó gbé wọn. Nílé tẹlifóònù, èrò tò lọ bẹẹrẹ, wọ́n sì tò ó gún régé, nítorí ìgbà náà ni ìgbà tí sójà lè sọ ẹni tó bá dá ìlà kọjá di ọ̀pọ̀lọ́, kó máa fò lójú gbogbo èèyàn. Nígbà tó kàn wọ́n, akọ̀wé tó wà níbẹ̀ gba bébà, ó yí nọ́ńbà náà bó ṣe rí i. Kò lọ. Ó tún un yí. Ó ní nọ́ńbà náà kò sí.

Ìyá olóbì rò pé ọ̀nà ló dí. Wọ́n tún padà lọ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Akọ̀wé mìíràn ni wọ́n bá lọ́tẹ̀ yìí. Ó yí i lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo bébà náà bí ẹni tó ń wo owó ayédèrú.

"Màmá," ó ní, "nọ́ńbà yìí kò lórí kò nídìí. Ẹni tó fún yín tàn yín jẹ ni."

Kí ẹ tó lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dun ìyá olóbì tó, ẹ ní láti rántí irú àkókò tí a wà. Àwọn ọkùnrin ti wà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn lókè Ọya, tí ojú tì wọ́n láti padà sílé lọ́wọ́ òfo, tí wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ pòórá. Ní àdúgbò wa pàápàá, obìnrin kan wà tó ti ń retí ọkọ rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Nítorí náà, kí ìyá olóbì tó dé Ẹdẹ padà, wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ náà nínú ara wọn: àna wọn ti sá, ó sì fi nọ́ńbà irọ́ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n lọ sọ fún ọmọ wọn lórí bẹ́ẹ̀dì nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù náà ló wá sọ fún mi nígbà tó ń lọ jẹun.

"Abiyamọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn kò fẹ́ jẹun mọ́," ó ní. "Omi ọyàn rẹ̀ ò sì wá dáadáa. Wọ́n ní ọkọ ti já a sílẹ̀. Nọ́ńbà irọ́ ló fún un."

Ẹ wo ohun tí mo sọ. Mo mí kanlẹ̀, mo ní, "Àwọn ọkùnrin yìí!" Mo tún fi kún un pé ohùn ọkùnrin náà kò tilẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ọ. Irọ́ ni. Ohùn rẹ̀ dára, nọ́ńbà tí mo fọwọ́ ara mi yí lọ́jọ́ náà sì lọ dáadáa. N kò mọ ohun tó mú mi sọ bẹ́ẹ̀, àfi pé ó máa ń wu èèyàn láti ti mọ ọ̀rọ̀ ṣáájú.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún tí wọ́n bí ọmọ, ìdààmú ti bo gbogbo wọn. Ọjọ́ kẹjọ ni ìkómọ. Àwọn ẹbí ọkọ ní Ìwó ti ránṣẹ́ pé àwọn kò lè dá orúkọ sọ ọmọ nígbà tí bàbá rẹ̀ wà láàyè, pé ẹnu rẹ̀ ni àwọn ń wò. Ìyá ọmọ sì ń sunkún débi tí dókítà fi ń bẹ̀rù ojú abẹ rẹ̀.

Ọjọ́ náà ni ọ̀gá mi ti Ara dé. Wọn ò tíì jókòó dáadáa nígbà tí ìyá olóbì wá sójú fèrèsé. Wọ́n ti gbọ́ pé bàbá tó mọ tẹlifóònù ti dé. Wọ́n na bébà kékeré náà wọlé, ó ti rún, igun rẹ̀ kan sì ti pọ́n nítorí obì.

"Ẹ bá mi wò ó, Bàbá," wọ́n ní. "Kí n lè mọ̀ bóyá kí n yé dúró dè é."

Ọ̀gá mi gbé awò wọn sójú. Wọ́n ka nọ́ńbà náà wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n wá yíjú sí mi.

"Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Níbo ni ẹni tó ń yí nọ́ńbà yìí jókòó sí?"

Ìbéèrè náà kò yé mi. Mo ní, "Ibí ni, sà. Orí àga yìí. Èmi ni mo yí i."

"Ìyá yìí wá ń yí i ní Òṣogbo." Wọ́n fi ìka kan ẹyọ nọ́ńbà àkọ́kọ́ lórí bébà. "Ṣé ilẹ̀kùn ilé wa wà ní Òṣogbo ni?"

Mo wo ẹẹ́sàn-án tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ síwájú nọ́ńbà ọkùnrin yẹn. Ọjọ́ méjì gbáko ni obìnrin arúgbó fi ń gbé ilẹ̀kùn wa kiri ìgboro Òṣogbo, tó ń fi kan ibi tí kò ti sí ilé.

Ọ̀gá mi kò bú mi. Ohùn wọn rọlẹ̀, wọ́n ní, "Nọ́ńbà èèyàn dà bí ilé rẹ̀. Ibi tó wà náà ló wà. Ohun tí ìwọ ń yí, ọ̀nà tó o gbà débẹ̀ ni. Ẹni tó ń ti Ṣẹ́kọnà bọ̀ kò lè gba ọ̀nà ẹni tó ń ti Awo bọ̀, bẹ́ẹ̀ ilé kan náà ni wọ́n ń lọ. Ilé ni kó o máa kọ fún èèyàn. Tó o bá máa kọ ọ̀nà fún un, kọ́kọ́ bi í pé ibo ló ti ń bọ̀."

Mo ti darúgbó báyìí, fóònù sì wà lápò gbogbo ayé. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ọmọ mi tó wà lókè òkun ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, òun ló sì sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ yìí náà ni wọ́n ṣì ń bá yí níbẹ̀: pé tí wọ́n bá fún ẹ̀rọ ní nọ́ńbà, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá nọ́ńbà tó pé ni, èyí tí wọ́n ń fi àmì àròpọ̀ àti nọ́ńbà orílẹ̀-èdè ṣíwájú rẹ̀, tí ó ń jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo, tàbí òǹkà lásán tí ẹnì kan ń tẹ̀ láti ibì kan, tí kò nítumọ̀ níbòmíràn. Mo ní mo mọ̀. Ó yà á lẹ́nu pé mo mọ̀.

Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ìyá olóbì ṣì dúró sójú fèrèsé, wọ́n ń wo ẹnu wa, ọ̀rọ̀ wa kò sì yé wọn.

"Sọ fún wọn fúnra rẹ," ọ̀gá mi ní.

Mo jáde, mo kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. Mo ní, "Màmá, ẹ dákun, ẹ má bínú. Èmi ni mo jẹ̀bi. Nọ́ńbà àna yín kò burú. Mo fi nǹkan tí kì í ṣe tirẹ̀ kún un nígbà tí mo ń kọ ọ́ fún yín."

Mo ń retí ìfọ́tí.

"Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé kò sá?"

"N kò mọ̀ bóyá ó sá, Màmá. Ṣùgbọ́n kò fún yín ní nọ́ńbà irọ́."

Wọ́n fi ẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n sì jókòó sílẹ̀. "Alhamdulillahi," wọ́n ní. "Alhamdulillahi. Ohun tí mo ti fi ẹnu mi sọ sí ọmọ ọlọ́mọ!" Wọ́n wá di ọwọ́ mi mú. "Dìde. Dìde kí a máa lọ."

Ọ̀gá mi fún mi láyè. Bí àwa méjèèjì ṣe wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo nìyẹn, tí a há sáàárín àwọn apẹ̀rẹ̀ tòmátì. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, tẹ̀sùbáà wọn ni wọ́n ń fà. Èmi náà ń gbàdúrà lọ́nà tèmi. Ọkàn mi kò tíì balẹ̀, nítorí pé bí mo tilẹ̀ yọ ẹẹ́sàn-án kúrò, tí ọkùnrin náà bá ti sá lóòótọ́ ńkọ́? Nígbà náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ wọn máa gbọ́ ìròyìn kan náà.

A tò fún bíi wákàtí méjì. Nígbà tí a dé iwájú, akọ̀wé tó dá ìyá olóbì lóhùn lọ́jọ́ kejì náà la bá. Mo na bébà tuntun sí i. Mo ti kọ ọ́ bí ọ̀gá mi ṣe ní kí n kọ ọ́: orúkọ ìlú ní òkè, nọ́ńbà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú àyè láàárín wọn. Ó kà á, ó wo ìyá olóbì, ó tún wò mí.

"Áà, èyí ló dà bíi nọ́ńbà," ó ní.

Ó yí i. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ tó di tẹlifóònù mú, mo sì rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó tọ́ka sí yàrá onípákó kékeré tó wà lápá ọ̀tún. "Ó ń dún o. Ẹ yára."

Àwa méjèèjì rún ara wa mọ́ inú rẹ̀. Mo gbé e sétí. Ọkùnrin kan dáhùn lédè Hausa. Mo ní ẹ káàsán, sà, mo sọ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọ́. Ó tún sọ̀rọ̀, ó sì fẹ́ gbé e sílẹ̀. Ìyá olóbì já tẹlifóònù gbà lọ́wọ́ mi. N kò mọ̀ títí dìgbà yẹn pé wọ́n gbọ́ Hausa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń ta obì fún àwọn oníṣòwò Hausa fún ogójì ọdún, ibo ló fẹ́ gbé e gbà? Wọ́n kí i, wọ́n kí ilé rẹ̀, wọ́n kí ọmọ rẹ̀, mo sì ń jó lórí ẹsẹ̀ kan níbi tí mo dúró sí nítorí àkókò tó ń lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n sọ orúkọ àna wọn.

Wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu tẹlifóònù.

"Mẹ́gáàdì ni. Ó ní òun ń lọ pè é. Ó ní ó wà níbi ẹ̀rọ."

Ó wà níbi ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan tó mi. Mo fi orí ti pákó yàrá náà, omijé sì ń bọ́ lójú mi láìjẹ́ pé mo mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ọkùnrin náà dé, igbe ló fi bẹ̀rẹ̀, èmi gan-an ń gbọ́ ọ láti ibi tí mo wà. "Màmá! Ṣé kò sí o? Ṣé kò sí? Ìyàwó mi ńkọ́?"

"Ó ti bímọ. Obìnrin ni. Àlàáfíà ni wọ́n wà, àwọn méjèèjì."

Mo rò pé ọ̀nà ti já. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí àgbàlagbà ọkùnrin ń sunkún pẹ̀lú ariwo ẹ̀rọ tó ń hunṣọ lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí òun náà ti ń pè wá. Ìyàwó rẹ̀ ti fi nọ́ńbà ilé ìwòsàn ránṣẹ́ sí i nínú lẹ́tà, nọ́ńbà tí òun náà gbà lẹ́nu mi. Àmọ́ nọ́ńbà tí àwa ará Ẹdẹ máa ń yí láàárín ara wa ni mo fún un, n kò fi ti ìlú kún un. Tí ọkọ rẹ̀ bá wá yí i ní Kàdúná, inú Kàdúná náà ló ń dún sí, nílé ìyá kan báyìí. Ìyá náà kọ́kọ́ ní ibẹ̀ kì í ṣe ilé ìwòsàn. Lẹ́ẹ̀kejì ó bú u. Lẹ́ẹ̀karùn-ún ó bi í pé ta ló ń wá gan-an, ọkùnrin náà sì ṣàlàyé. Láti ìgbà yẹn, tó bá ti pè, obìnrin náà á ní, "Ẹ tún ti ṣì í pè o, ṣùgbọ́n mo ń bá yín bẹ Ọlọ́run. Ṣé ó ti bí?"

Ìyá olóbì rẹ́rìn-ín débi pé gèlè wọn tú. Ẹ̀rín náà ràn mí. Àwọn tó tò síta ń wo inú yàrá onípákó, wọ́n rò pé nǹkan ti ṣe wá. Kí wọ́n tó gbé tẹlifóònù sílẹ̀, ọkùnrin náà sọ orúkọ tó fẹ́ fún ọmọ rẹ̀, ìyá olóbì sì pè é tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀mẹta kí ó má baà sọ nù.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ẹnu wọn kò dákẹ́ mọ́. Wọ́n ní kí n bá àwọn ro ohun tí àwọn máa sọ fún ọmọ àwọn, nítorí pé àwọn ti sọ pé ọkọ rẹ̀ kò lójútì, pé ìdílé rẹ̀ gan-an kò ní ìtìjú láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní kí wọ́n kàn sọ òótọ́, kí wọ́n di ẹ̀bi rù mí.

"Tìrẹ ti tó ọ," wọ́n ní. "Ìwọ lo kọ ẹẹ́sàn-án. Èmi ni mo kọ èyí tó kù."

N kò wọ wọ́ọ̀dù tẹ̀ lé wọn. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí. Mo rí i tí wọ́n tẹríba sọ ọ́ sí ọmọ wọn létí, mo sì rí i tí abiyamọ náà gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí. Nọ́ọ̀sì kọjá lára mi, ó ń sáré lọ gbé ọbẹ̀ àti ẹ̀kọ, ó ní, "Ó ní ebi ń pa òun! Ó ní ebi ń pa òun!" bí ẹni pé òun gan-an ni ọkọ rẹ̀ dé bá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí mo ń lọ sílé, mo gbọ́ ohùn ọmọ tó ń sunkún láti fèrèsé wọ́ọ̀dù, lẹ́yìn náà mo gbọ́ tó dákẹ́ lójijì bí ọmọ tí wọ́n ti ọyàn bọ̀ lẹ́nu.

Ọkùnrin náà dé lọ́jọ́ ìkómọ gan-an. Kò rí bọ́ọ̀sì wọ̀ nítorí epo, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó àlùbọ́sà bọ̀ ló bẹ̀, orí àpò àlùbọ́sà ló sì jókòó sí láti Kàdúná. Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àtàrí nígbà tó wọlé. Wọ́n ní Àlùfáà ti ṣí Kùránì tẹ́lẹ̀, wọ́n ní kó dúró kó wẹ̀, ó ní òun kò wẹ̀, kí wọ́n gbé ọmọ fún òun. Inú ọgbà ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ṣe é, lábẹ́ igi máńgòrò, nítorí pé dókítà kò tíì jẹ́ kí ìyá ọmọ lọ sílé. Gbogbo ibẹ̀ ń rùn fún àlùbọ́sà. Wọ́n pè mí, mo sì lọ jókòó lẹ́yìn pátápátá. Ìyá olóbì rí mi, wọ́n sì nawọ́ sí mi láàárín èrò, "Òun ló bá wa rí i!" Ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n pé ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́ nù. Ọkùnrin náà wá dúró níwájú mi, ojú rẹ̀ pọ́n fún àìsùn, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún mi, èmi ọmọ kékeré. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dìde. Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, inú mi sì ń dùn.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo tú òwú ìwé kàlẹ́ńdà mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá mi jókòó tì mí pẹ̀lú ìwé àtijọ́ tí eku jẹ. Wọ́n ń ka orúkọ, mo ń kọ nọ́ńbà: orúkọ ìlú lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà nọ́ńbà onítọ̀hún, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí à ń yí láti orí tábìlì wa, mo kọ ọ́ sórí káádì kan ṣoṣo, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí ó má baà kúrò nínú yàrá náà láé. Ó gbà wá tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ìpè á wọlé, màá gbé e, màá so wọ́n pọ̀ mọ́ wọ́ọ̀dù, màá tún padà sídìí ìwé. Nígbà tí mo parí rẹ̀, mo gbé e fún ọ̀gá mi. Wọ́n ṣí i láti ojú ewé kan sí èkejì, wọ́n dá dúró níbì kan, wọ́n fi ìka tẹ̀ lé nọ́ńbà kan, wọ́n sì tún ń bá a lọ. Wọ́n pa á dé. Wọ́n ní kí n lọ jẹun, pé oúnjẹ mi ti ń tutù.